Ìrẹsì Tí Fágbèmí Ń Jẹ Lọ́jọ́ Ìsinmi

Nínú gbogbo ohun tí Àràmídé jogún lára bàbá rẹ̀, ẹnu ló pọ̀ jù. Fágbèmí Olówòkéré lè yọ ṣùtì sí àlejò láti orí afárá pákó iwájú ilé rẹ̀ kí onítọ̀hún tó so ọkọ̀ mọ́ òpó. Bí aládùúgbò bá ra ẹ́ńjìnnì tuntun, Fágbèmí á ní ariwo rẹ̀ pọ̀ ju agbára rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá bímọ, á ní orí ọmọ náà tóbi. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó kẹ́gàn tó àwọn ará Kútọnù.

"Orílẹ̀-èdè tí kò fẹ̀ ju ẹní lọ," ni ó máa ń wí. "Bí èèyàn bá sín ní apá ibí, àwọn tó wà ní apá kejì á kí i pẹ̀lẹ́."

Àràmídé náà máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà, ó ń yan ẹja tà ní Zion Pepe, níbi tí gbogbo ilé ti dúró lórí òpó, tí ẹni tí kò ní ọkọ̀ sì dà bí ẹni tí kò lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀, Fẹ̀hìntọlá, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í jiyàn. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Àràmídé," ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Àràmídé fẹ́ràn ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò kà á sí. Ó máa ń wò ó bí ó ti ń tẹ orí ba, a sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, èmi kò ní fi ẹnu mi tọrọ àlàáfíà báyìí láéláé.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2019, Àbùbákàr, ọkùnrin Mahintedo tó ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kiri àwọn abúlé etí omi, gbé àlejò kan wá sídìí ààrò ẹja rẹ̀.

"Àràmídé, oníbàárà rèé. Ọpẹ́fólúwa lórúkọ rẹ̀. Ará Kútọnù ni. Ó ń ta àwọ̀n, ó sì fẹ́ ra ẹja yíyan."

Àràmídé kò gbójú sókè. "Ṣé ẹja ti tán ní Kútọnù ni?"

"Kò tán," ni àlejò náà dáhùn. "Àwọn tó ń yan án níbẹ̀ ló ń kánjú. Mo gbọ́ pé ìwọ kì í kánjú."

Ó jókòó sórí pákó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó jókòó, ó fa ọ̀kan nínú àwọn àwọ̀n rẹ̀ tó ya sí itan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dí i. Kókó tó ń ta ṣàjèjì lójú Àràmídé. Ó ń yí okùn náà po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́yìn náà ó ń dá ìdí rẹ̀ padà sábẹ́, tí etí kékeré méjì sì ń yọ sókè.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń ta kókó lọ́dọ̀ yín nìyí?" ni Àràmídé wí. "Ó jọ etí eku."

"Bàbá bàbá mi ló kọ́ mi. Ọmọ Ode Ugbo ni. Ó tukọ̀ dé Kútọnù nígbà tí ẹja wọ́n lọ́dọ̀ yín níhìn-ín, ó sì bá wọn gbé. Kókó yín ni. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé rẹ̀."

Àbùbákàr bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Àràmídé fi ń wá èsì kiri nínú orí rẹ̀. Nígbà tó rí i, ọkùnrin náà ti lọ, ohun tó sì bà á lọ́kàn jẹ́ ni pé ó wù ú kó padà wá gbọ́ ọ.

Ó padà wá. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta ló wá kí òjò tó lè, ó ń dúró pẹ́ ju bí ìtajà ṣe gbà lọ. Ó ní ìwé kan tó wé sínú ọ̀rá nítorí omi, ìwé àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

"Orílẹ̀-èdè mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló fọwọ́ sí i," ni ó wí fún un. "Ẹja, iṣu, ohun tí a fi ọwọ́ wa ṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ gba bọ́dà kọjá lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wà níbí."

"Ṣé àwọn aṣọ́bodè tó na okùn dí ojú ọ̀nà ti kà á?"

"Wọ́n á kà á lọ́jọ́ kan."

"O gbọ́n tán, ó ku díẹ̀," ni Àràmídé wí. Ṣùgbọ́n ó rọra dá ìwé náà padà sínú ọ̀rá rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, bí ẹni ń bo ọmọ tó sùn.

Ọpẹ́fólúwa fi Àbùbákàr ṣe alárinà. Ó fi ọtí àti iṣu rán an sí Fágbèmí. Ní ilé Olówòkéré, òfin kan wà tí wọn kì í fi ṣeré: bàbá tí kò bá fẹ́ ọkùnrin kan fún ọmọ rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohunkóhun tó bá ti ọwọ́ ọkùnrin náà wá. Bí ó bá ti jẹ ẹ́, ó ti gbà á ní àna, kò sí pé ó tún ọ̀rọ̀ sọ.

Fágbèmí fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ti ìgò ọtí náà. "Dá a padà."

"Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ilé ni. Ode Ugbo ni bàbá bàbá rẹ̀ ti lọ."

"Ta ló ní kó lọ? Èmi Olówòkéré, ọmọ Nàìjíríà, kí n fi ọmọ fún ìlú tó jẹ́ pé ohun tó bá já bọ́ lẹ́nu wa ni wọ́n ń ṣà jẹ? Dá a padà, kó tó rùn sí mi nínú ilé."

Fẹ̀hìntọlá wà lẹ́nu ọ̀nà. Àràmídé wò ó pé bóyá yóò sọ nǹkan. "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Àràmídé," ni ìyá rẹ̀ wí, ó sì gbé iṣu náà padà sínú ọkọ̀ fún Àbùbákàr.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn, ìjọba ti bọ́dà pa. Wọ́n ní ìrẹsì Kútọnù ń pa àgbẹ̀ Nàìjíríà. Inú Fágbèmí dùn bí ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó gbé rédíò sí etí, ó ń sọ ọ́ fún ẹni tó gbọ́ àti ẹni tí kò gbọ́: "Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti ìrẹsì wọn. Láti òní lọ, hóró ìrẹsì Kútọnù kan kò ní wọ ilé yìí." Ó gba fóònù Àràmídé tí Ọpẹ́fólúwa fi ń pè é, ó sì sọ ọ́ sómi pẹ̀lú nọ́ńbà inú rẹ̀.

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin ni bọ́dà fi wà ní títì. Lóṣooṣù, Àbùbákàr á gúnlẹ̀, á gbé ẹrù díẹ̀ fún Fẹ̀hìntọlá, á sì wí fún Àràmídé pé, "Ó ní kí n kí ọ o." Ìyẹn nìkan. Àràmídé gbà pé Àbùbákàr ló ń dá ìkíni náà dá láti fi tù ú nínú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọn a jókòó ti ìrẹsì funfun tí Fẹ̀hìntọlá máa ń sè fúnra rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àpò rẹ̀. Fágbèmí á bu ṣíbí àkọ́kọ́, á di ojú.

"Ìrẹsì ilẹ̀ wa," ni yóò wí. "Kò sí òkúta kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìrẹsì Kútọnù kì í rí báyìí, òórùn ọ̀dà ọkọ̀ ni tiwọn máa ń ní."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Àràmídé."

Àràmídé á máa jẹ tirẹ̀ bí ẹni ń jẹ yanrìn. Ó ń bi ara rẹ̀ pé, irú ọkùnrin wo ni kò lè fi ọ̀nà omi rán okùn kan ṣoṣo sí obìnrin tó ní òun fẹ́? Ìgbà mìíràn, ó máa ń rò pé bàbá òun lè máa sọ òótọ́ nípa wọn.

Nígbà tí wọ́n ṣí bọ́dà ní òpin ọdún 2020, Ọpẹ́fólúwa dé lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó ti rù. Ó gbé àwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ìwé yín ti jí lójú oorun?" ni Àràmídé bi í.

"Àràmídé, mo ránṣẹ́."

"Kí lo rán?"

Ó la ẹnu, ojú rẹ̀ sì yà sí ọ̀nà ilé ìdáná tí Fẹ̀hìntọlá ti ń fọ ìkòkò. Ó pa ẹnu dé.

"Mo bi ọ́, kí lo rán?"

"N kò lè sọ."

"Nítorí pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìlú kékeré, ọkùnrin kékeré. Ra ẹja rẹ kí o máa lọ."

Ó ra ẹja náà, ó lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ó tún dé, bẹ́ẹ̀ ló sì ṣe fún ọdún mẹ́ta. Ó ń ta àwọ̀n, ó ń jókòó ní ìpẹ̀kun afárá, ó ń dí àwọ̀n tó ya láìsọ̀rọ̀. Àràmídé ń ta ẹja fún un bí ẹni ń da omi ìdọ̀tí nù. Ọkùnrin méjì mìíràn wá tọrọ rẹ̀ láàrin ìgbà yẹn, ó lé àwọn méjèèjì. Ó mọ ohùn ẹ́ńjìnnì Àbùbákàr láàrin ogún ẹ́ńjìnnì, bí ó bá sì ti gbọ́ ọ, yóò sáré bọ́ aṣọ tó ti gba èéfín, ara rẹ̀ á sì máa rí i lára nítorí rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, Àbùbákàr wá sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ó fẹ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá bá bàbá rẹ. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Kútọnù. Olóyè Ọlálẹ́yẹ ní Ode Ugbo ló máa ṣíwájú wọn, torí ẹbí wọn ni. Kí ni kí n sọ?"

"Kó máa bọ̀," ni Àràmídé wí. "Kó wá gbọ́ èébú bàbá mi. Ìyẹn á tó ìyà fún un."

Fágbèmí kò lè kọ àgbàlagbà bí Ọlálẹ́yẹ. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó pẹ́ tí kò ti rí èèyàn púpọ̀ bú lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wọ agbádá, ó jókòó sí àárín yàrá. Àwọn àlejò gúnlẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, oòrùn ti ga. Ìyá Ọpẹ́fólúwa fi aṣọ ìborùn rẹ̀ bo imú nítorí èéfín ẹja, ó wo òkè, ó wo ilẹ̀.

"Ṣé iná mànàmáná kò dé ibí ni?" ni ó bi wọ́n.

"Iná tí ẹ ń tàn ní Kútọnù," ni Fágbèmí dá a lóhùn, "ṣé ẹ kò mọ̀ pé lọ́wọ́ wa lẹ ti ń rà á?"

"A mọ̀. Ẹ tà á fún wa tán, ẹ wá jókòó sínú òkùnkùn."

Ọlálẹ́yẹ wú ikọ́. Fágbèmí kọjú sí Ọpẹ́fólúwa. "Ìwọ tí o ní ìwé. Rédíò ní orílẹ̀-èdè mẹ́ta ti kọ àjọ tó ṣe ìwé rẹ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn kò ṣe mọ́. Ṣé ìwé rẹ ṣì ń gba bọ́dà kọjá?"

"Bàbá, a ò tíì mọ̀."

"Èmi mọ̀. Ẹ gbé ọtí yín sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ó gbé e padà. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé ebi pa òun nílé Olówòkéré. Fẹ̀hìntọlá, se ìrẹsì ilẹ̀ wa fún wọn. Kí wọ́n jẹ oúnjẹ ìlú tó lè bọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń bẹ̀."

Fẹ̀hìntọlá kò ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dúró sójú kan. Ojú tì Àràmídé nítorí rẹ̀, ó sì yára wọ yàrá ìkó-nǹkan-sí láti lọ bu ìrẹsì náà fúnra rẹ̀.

Àpò náà wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, àwòrán àgbẹ̀ àti àsíá Nàìjíríà wà lára rẹ̀. Nígbà tó fà á síta, ó rí i pé àpò mìíràn wà nínú rẹ̀, tí wọn kò tíì tú. Okùn àwọ̀n ni wọ́n fi rán ẹnu rẹ̀. Ó yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìdí rẹ̀ padà sábẹ́, etí kékeré méjì yọ sókè.

Àràmídé kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan àwọn etí eku náà. Nígbà tó gbójú sókè, ìyá rẹ̀ ti wọlé, ó ti ti ìlẹ̀kùn.

"Láti ìgbà wo, Màámi?"

"Láti oṣù tí wọ́n ti bọ́dà pa. Ó fi rán Àbùbákàr, ó ní kí n má jẹ́ kí ebi pa yín. Mo ń ki àpò rẹ̀ bọ inú àpò tí bàbá rẹ fẹ́ràn àwòrán tó wà lára rẹ̀." Ó nawọ́ sí ìṣó kan lára ògiri. Ìdì okùn gígé kan rọ̀ níbẹ̀, wọ́n pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kókó rẹ̀. "Mo wí nínú ara mi pé, ọkùnrin tí kò fẹ́ fi ẹnu gbà á, ẹ jẹ́ kó fi ọ̀fun gbà á."

"Ẹ sì ń wò mí bí mo ṣe ń bú u. Ọdún márùn-ún fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, Màámi. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹnu bàbá rẹ ló wà lẹ́nu rẹ. Ìbínú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, wàá ti sọ ọ́ sí i lójú, á sì da ìrẹsì náà sómi kó tó jẹ ẹ́ yó. Mo bẹ ọmọ náà pé kó má sọ. Ó ṣèlérí."

Àràmídé rántí ojú Ọpẹ́fólúwa tó yà sí ilé ìdáná. Ó rántí gbogbo bẹ́ẹ̀ ni tó ti fojú tẹ́ńbẹ́lú.

"Ìgbà wo lẹ wá fẹ́ sọ ọ́?"

"N kò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí títí di ìsinsìnyí." Fẹ̀hìntọlá yọ ìdì okùn náà lórí ìṣó, ó fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹnu tí mo ti ń bẹ̀rù látọjọ́ yìí, òní ni mo nílò rẹ̀."

Wọ́n se ìrẹsì náà, wọ́n sì fi ẹja yíyan sí ọbẹ̀ rẹ̀. Fágbèmí ló kọ́kọ́ bu tirẹ̀. Ó di ojú.

"Ẹ tọ́ ọ wò," ni ó wí. "Kò lókùúta."

Ìyá Ọpẹ́fólúwa jẹ ṣíbí kan, ó wo abọ́, ó wo ọmọ rẹ̀. "Ìrẹsì yìí mà jọ…" Ọpẹ́fólúwa tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Àràmídé kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan níwájú àwọn àgbà. Bí bàbá bá ti jẹ oúnjẹ ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ rẹ̀, kí ló kù?"

"Kí ló tún kù? Ó ti gbà á. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí n kò fi kan ọtí wọn láti ọjọ́ yìí wá."

"Bí kò bá mọ̀ pé oúnjẹ ọkùnrin náà ni ńkọ́?"

Fágbèmí gbé oúnjẹ mì. "Ohun tó ti wọ inú ti wọ inú. Bàbá tó ń jẹun tí kò mọ ibi tí oúnjẹ ti wá, òmùgọ̀ ni. Kó fi ọmọ sílẹ̀ kó lọ fọ ẹnu."

"Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó gbé ìdì okùn náà sílẹ̀ níwájú abọ́ rẹ̀. "Kókó Ọpẹ́fólúwa nìyí. Òun ló ń rán ẹnu àpò ìrẹsì tí ẹ ń jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi, láti ọdún 2019. Kútọnù ló ti ń wá."

Ìyá Ọpẹ́fólúwa ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí Fágbèmí. "Ìrẹsì wa. Ìrẹsì wa ló ń jẹ tó fi sanra tó báyìí."

"Ìyá Ọpẹ́fólúwa, ẹ má bínú," ni Àràmídé wí, láìyí orí padà. "Ta ló gbìn ín ní Kútọnù? Ọkọ̀ òkun ló gbé e wá láti Éṣíà. Ẹ̀yin gbé àpò rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, àwa jẹ ẹ́. Ìlú méjèèjì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ara wọn lójú nítorí ohun tí ìkankan nínú wọn kò gbìn."

Ẹ̀rín obìnrin náà kú. Olóyè Ọlálẹ́yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rín in títí ó fi yọ fìlà.

Fágbèmí mú okùn kan, ó yí i padà, ó tún yí i. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Fẹ̀hìntọlá kò tẹ orí ba. Ó wo Ọpẹ́fólúwa. "Ìwọ. Ṣé ìwé rẹ lo fi ń kó ìrẹsì kọjá?"

"Rárá, Bàbá. Àwọ̀n ni mo fi ìwé kó, gbogbo ibi ni wọ́n ti dá mi dúró. Ìrẹsì tí n kò níwèé rẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè."

"Nítorí náà, ìwé rẹ kò wúlò."

"Kò wúlò, Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí o ti sọ tí mo gbà nìyẹn." Ó dìde, ó wọ yàrá, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní rárá, kò sì dá ọjọ́.

Ní ìpẹ̀kun afárá, níbi tí Ọpẹ́fólúwa ti máa ń jókòó láti ọdún mẹ́ta, Àràmídé lọ dúró tì í.

"Mo bú ọ."

"Dáadáa."

"Mo ní o kéré."

"O sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo ń kà á."

"O yẹ kí o ti sọ fún mi." Ó jókòó. Ó mú ojú okùn kan lọ́wọ́ rẹ̀. "Kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ta á."

Ó kọ́ ọ. Ìka wọn lọ́ mọ́ra níbi ìyípo kẹta, ìkankan nínú wọn kò sì yára tú u.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni Fágbèmí fi ya odi. Àwọn ará Ode Ugbo ń retí kó dá ọjọ́. Wọ́n mọ̀ pé òfin ti dè é, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè gbé ìyàwó kúrò nílé bàbá tí kò la ẹnu. Àràmídé kò lè sùn dáadáa, kò lè yan ẹja kó má jóná.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. Fẹ̀hìntọlá gbé abọ́ ìrẹsì kalẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. Ìrẹsì náà pọ́n díẹ̀, ó sì kúrú.

"Ìrẹsì ilẹ̀ wa ni," ni ó wí. "Èyí tòótọ́. Mo rà á fún yín lánàá. N kò fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún yín mọ́."

Fágbèmí bu ṣíbí kan. Ó di ojú. Òkúta dún láàrin eyín rẹ̀ débi pé Àràmídé gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ó tu ú sí ọwọ́, ó wò ó, ó bu òmíràn, òkúta tún dún. Ó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Fẹ̀hìntọlá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Àràmídé."

"Ránṣẹ́ sí ọkọ Àràmídé. Ní kó wá mú ọjọ́." Ó ti abọ́ náà sẹ́yìn. "Kó má sì wá lọ́wọ́ òfo."

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló sáré dé ẹnu Àràmídé lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mú bí abẹ. Ó tọ́ wọn wò, ó gbé wọn mì, ó sì lọ wá Àbùbákàr.